Kásẹ́ẹ̀tì Ìlọrin Kò Lè Dúró De Owó Ńlá

Èrò kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ràn àṣà àti ẹ̀sìn ní Ìlọrin, ó ti fìdí múlẹ̀ débi pé kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè mọ́. Èrò náà ni pé kíkó ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sórí kọ̀ǹpútà kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí kò lówó. Wọ́n ní iṣẹ́ ìjọba ni, tàbí ti yunifásítì, tàbí ti àwọn òyìnbó tó ń fowó ṣèrànwọ́. Wọ́n ní bí a kò bá ní yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru, tí a kò ní ẹ̀rọ olówó iyebíye àti ọ̀mọ̀wé tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lókè òkun, ó sàn kí a fi tẹ́ẹ̀pù sílẹ̀ bó ṣe wà ju kí a ṣe é jákujàku lọ. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá àṣà. Púpọ̀ nínú wọn ló ní àpótí kásẹ́ẹ̀tì nínú yàrá, tí wọn kò jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n èrò wọn yìí ń pa ohùn àwọn baba wa ju eruku àti ooru lọ, nítorí ó ti mú kí ìdúró jọ ọgbọ́n lójú wa. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé owó kékeré tí a bá fi bẹ̀rẹ̀ lónìí yóò gba ohun tí owó ńlá tó bá dé lọ́dún mẹ́wàá sí i kò ní lè gbà mọ́, iye yòówù kó jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú àpótí wọ̀nyẹn, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀dà orin tí wọ́n tà lọ́jà nìkan ni. Ìlọrin ni ìlú orin dadakúàdà. Odòlayé Àrẹ̀mú, tó kú lọ́dún 1997, pẹ̀lú Jáígbadé Àlàó àti Ọmọékeé Àmàó, ló mú un dé etí gbogbo ọmọ Yorùbá. Iléeṣẹ́ orin ṣe àwo fún irú àwọn akọrin bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ojú kan àwo ńlá kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ìṣẹ́jú 20 lọ, dadakúàdà kì í sì í ṣe orin ìṣẹ́jú 20. Orin òde ni. Akọrin á dé ibi ìgbéyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ, á ki baálé ilé, á ki àwọn àlejò níkọ̀ọ̀kan, á dá ẹni tó náwó lọ́lá, á fi òwe bá ẹni tó ṣe ahun wí, á ya sórí ọ̀rọ̀ òṣèlú, á tún padà sórí oríkì, ilẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ kó tó dákẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì tí ojú kan rẹ̀ ń gba ìṣẹ́jú 30 tàbí 45, tí ẹnì kan gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ onílù, ló mú irú orin bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ kankan kò ní in lọ́wọ́. Bákan náà ni wáàsí. Sheikh Adam Abdullahi al-Ilori, tó gbé ayé láti 1917 di 1992, tó sì dá ilé ẹ̀kọ́ Markaz sílẹ̀ lọ́dún 1952, kọ ọ̀pọ̀ ìwé lédè Lárúbáwá, ìwé náà wà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kà á. Ṣùgbọ́n bí òun àti àwọn àgbà àáfà bíi Sheikh Kamaludeen al-Adabiyy, olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ Ansarul-Islam tó kú lọ́dún 2005, ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ fún àwùjọ tí kò gbọ́ Lárúbáwá, pẹ̀lú òwe, pẹ̀lú ìdánudúró, pẹ̀lú èsì fún ẹni tó bi wọ́n ní ìbéèrè, tẹ́ẹ̀pù nìkan ló gbé ìyẹn. Ẹ fi tàfúsírì inú oṣù Ààwẹ̀ kún un, ẹ fi wákà àwọn obìnrin níbi wòlímọ̀ kún un, ẹ fi kásẹ́ẹ̀tì tí àwọn ará ilé tó wà ní Kúmásì tàbí Àbíjáǹ fi ránṣẹ́ dípò lẹ́tà kún un. Ìyá tó sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ nítorí pé kò mọ̀ ọ́n kọ ti fi èdè Ìlọrin ìgbà tirẹ̀ sílẹ̀ fún wa, kò sì sí ìwé kankan tó ní irú rẹ̀.

Ìwé àfọwọ́kọ ní tirẹ̀ ti rí ẹni tó kà á sí. Ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ní Màlété, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2009, ibùdó kan wà tó ń tọ́jú ìwé àfọwọ́kọ àti àṣà Ìlọrin, iṣẹ́ rẹ̀ sì yẹ fún ìyìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Abdul-Rasheed Na'Allah, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà yunifásítì náà tẹ́lẹ̀, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀wé lórí dadakúàdà. Nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ pé Ìlọrin kò mọ iye ohun tó ní. Ohun tó ń dà wá láàmú ni pé a ń wo tẹ́ẹ̀pù bí ìwé, a rò pé bí a bá ti gbé e síbi gbígbẹ, yóò dúró dè wá. Ìwé tí àwọn àáfà fi tàdáwà kọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ṣì ṣeé kà lónìí, ojú nìkan ni yóò fi bèèrè. Tẹ́ẹ̀pù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun méjì tó ń kú lẹ́ẹ̀kan náà, tẹ́ẹ̀pù fúnra rẹ̀ àti ẹ̀rọ tó lè gbé e sọ̀rọ̀.

Iléeṣẹ́ Philips ló gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde lọ́dún 1963. Ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí fífẹ̀ rẹ̀ kò tó mìlímítà mẹ́rin ni, lúbúlúbú ìpẹtà irin ni wọ́n fi gúlúù lẹ̀ mọ́ ọn lára, inú lúbúlúbú náà sì ni ohùn wà. Ọ̀rá yẹn lágbára, ṣùgbọ́n gúlúù tó so ohùn mọ́ ọn lè gba omi láti inú afẹ́fẹ́. Ní Ìlọrin, òjò ń rọ̀ fún nǹkan bí oṣù méje, lẹ́yìn náà ọyẹ́ á gbé eruku dé, ooru ẹ̀ẹ̀rùn á sì tẹ̀ lé e. Tẹ́ẹ̀pù tó wà nínú yàrá tí páànù rẹ̀ ń gbóná ń ru gbogbo èyí lọ́dọọdún. Àwọn kan á bu, nǹkan funfun á hù sí etí wọn. Fóòmù kékeré tó ń ti tẹ́ẹ̀pù mọ́ hẹ́ẹ̀dì, irin tó ń ka ohùn nínú ẹ̀rọ, á já bọ́, ohùn á sì di ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. Àwọn oníwákàtí méjì, tí wọ́n ṣe ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí wọ́n lè gùn, a máa fà tàbí kí wọ́n lọ́ mọ́ ẹ̀rọ. Síbẹ̀ tẹ́ẹ̀pù gan-an tún sàn. Ẹ̀rọ ni ìṣòro tó le jù. Dẹ́ẹ̀kì dáadáa tí wọ́n ṣe ní 1980 sí 1995 ni ó yẹ iṣẹ́ yìí, wọn kò sì ṣe irú rẹ̀ mọ́. Èyí tí wọ́n ń ṣe nísinsìnyí, tí wọ́n ń tà pé ó lè so mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ inú rẹ̀ jẹ́ irú kan náà tó pọ́ọ́kú, kì í yí dọ́gba, ohùn á sì máa gbọ̀n. Ní 2019, UNESCO àti IASA, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tó ń tọ́jú ohùn, pariwo síta pé kí gbogbo ẹni tó ní tẹ́ẹ̀pù tètè kó o, nítorí pé nígbà tí yóò bá fi di nǹkan bí ọdún 2025, ẹ̀rọ tó ṣeé lò, ohun èlò àtúnṣe rẹ̀, àti àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe yóò ti di ọ̀wọ́n gógó. Ọdún náà ti dé bá wa. Ẹni tó ń retí owó ńlá gbọ́dọ̀ sọ fún wa ibi tí owó náà yóò ti ra ẹ̀rọ tí kò sí lọ́jà.

Àwọn tó ní kí a dúró gbà pé owó ńlá ni ààbò. Ẹ̀rí kò gbè wọ́n. Ta ló lówó tó NASA ilẹ̀ Amẹ́ríkà? Nígbà tí ènìyàn kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá ní 1969, wọ́n gba àwòrán rẹ̀ tó dára jù lọ sórí tẹ́ẹ̀pù. Ní 2009, NASA fúnra rẹ̀ kéde pé wọ́n wá tẹ́ẹ̀pù náà tì, pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti nù ún kí wọ́n sì ti tún un lò fún iṣẹ́ mìíràn, nítorí tẹ́ẹ̀pù wọ́n wọn nígbà kan. BBC náà nu ọ̀pọ̀ ètò rẹ̀ àtijọ́ nù lọ́nà kan náà. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kí wá ni ká sọ nípa àwọn iléeṣẹ́ rédíò ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ń gba ìròyìn òní sórí eré àná nígbà náà nítorí kò sí owó tẹ́ẹ̀pù tuntun? Ohun tó ń gba ohùn là ni pé ẹnì kan mọ̀ pé ó wà, ó sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi ju ẹyọ kan lọ kí àjálù tó dé. Ní Àkírà, àkójọ orin ilẹ̀ Gánà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n John Collins fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ wà nínú ilé rẹ̀, omíyalé oṣù kẹwàá 2011 sì ba púpọ̀ jẹ́ nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 2023, àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ lu British Library ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n kó síbẹ̀ kò sì ṣeé ṣí fún oṣù púpọ̀. Àkójọ kan kékeré, èkejì ńlá, ìyà kan náà. Ẹ̀dà mẹ́ta ní ilé mẹ́ta nínú Ìlọrin, Ọ̀fà àti Ìbàdàn yóò ṣe ohun tí ilé ńlá kan ṣoṣo kò lè ṣe.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò fi orílẹ̀-èdè Guinea dá mi lóhùn, àpẹẹrẹ náà sì lágbára. Láàárín 2008 àti 2013, Graeme Counsel, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, àti àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ rédíò ìjọba ní Conakry kó orin 9,410 kúrò lórí tẹ́ẹ̀pù, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ ètò British Library tó wà fún àkójọ tó wà nínú ewu. Iṣẹ́ takuntakun ni, gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló sì jàǹfààní rẹ̀. Ṣé kì í ṣe pé kí Ìlọrin náà retí irú rẹ̀? Rárá. Tẹ́ẹ̀pù Guinea wà nínú ilé kan ṣoṣo, ní iléeṣẹ́ kan ṣoṣo, ìwé àdéhùn kan sì ti tó láti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ti Ìlọrin fọ́n káàkiri. Ó wà nílé ní Pàkátà, ní Òkèlélé, ní Àdétà, ní Àjíkòbí, lọ́wọ́ opó, lọ́wọ́ ọmọ akọrin, lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ àáfà tó ti di àáfà fúnra rẹ̀. Kò sí òyìnbó tó máa kan ilẹ̀kùn ilé wọ̀nyẹn, bó bá sì kàn án, wọn kò ní gbé àpótí fún un. Aládùúgbò ni wọn yóò gbé e fún. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn tó ń fúnni lówó kì í fún ẹni tó jókòó. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń béèrè ni iye tẹ́ẹ̀pù tó wà, irú èyí tó jẹ́, ibi tó wà, àti ipò tó wà. Ẹni tó ti fi owó kékeré kó 200, tó ní àkọsílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni yóò rí ìdáhùn fún wọn. Bí owó ńlá yóò bá tilẹ̀ wá, iṣẹ́ kékeré ni yóò pè é.

Ó yẹ kí a sọ iye ohun tí iṣẹ́ yìí ń béèrè, nítorí ẹ̀rù tó ń ba ènìyàn pọ̀ ju bí nǹkan ṣe rí lọ. Dẹ́ẹ̀kì tòkunbọ̀ kan tó dára, tí oníṣẹ́ rédíò ti pààrọ̀ bẹ́líìtì rẹ̀. Wáyà tó jáde láti ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ LINE OUT sí. Ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ ohùn di nọ́ńbà, èyí tó lè gba 24 bit. Kọ̀ǹpútà alágbèéká, kò pọn dandan kó jẹ́ tuntun. Ètò kọ̀ǹpútà Audacity, tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́ láti nǹkan bí ọdún 25 sẹ́yìn. Háàdì dískì méjì, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Sípírítì tó mọ́ àti òwú láti fi nu hẹ́ẹ̀dì. Bátìrì kọ̀ǹpútà àti ìnfátà kékeré yóò gbé gbogbo rẹ̀ nígbà tí iná bá lọ, nítorí dẹ́ẹ̀kì kì í jẹ iná púpọ̀. Àpapọ̀ owó rẹ̀ kò lè tó ohun tí ẹbí kan tó rí já jẹ ń ná lórí aṣọ ẹgbẹ́ àti oúnjẹ níbi wòlímọ̀ kan ṣoṣo. Ohun tó gbówó lórí ni àkókò, owó ńlá kò sì fi bẹ́ẹ̀ dín in kù. Tẹ́ẹ̀pù wákàtí kan ń gba wákàtí kan láti kó, nítorí bí a bá mú un sáré, ohùn á bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹnì kan tó bá ń fi wákàtí mẹ́rin ṣe é lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, yóò kó tẹ́ẹ̀pù oníwákàtí kan 20 lọ́sẹ̀. Nínú ọ̀sẹ̀ 50, ó ti di 1,000. Fáìlì WAV ní 48 kHz àti 24 bit ń gba nǹkan bí gígábáìtì kan fún wákàtí kan, nítorí náà 1,000 tẹ́ẹ̀pù yóò wọ inú háàdì dískì oní-tẹ́ràbáìtì méjì, àyè á sì ṣẹ́ kù. Ọ̀dọ́ méjì tó nísùúrù àti dẹ́ẹ̀kì méjì lè kó àpótí gbogbo àdúgbò kan tán kí ìjọba tó yan ìgbìmọ̀ tí yóò jókòó lé e lórí.

Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù ni ti pé iṣẹ́ olówó kékeré kì í dára, pé ohun tí a bá ṣe lónìí láìdára, ẹni ọ̀la yóò gbà á bẹ́ẹ̀, tí tẹ́ẹ̀pù yóò sì ti kú. Mo gba apá kan rẹ̀. Ẹni tó gbé fóònù síwájú gbohùngbohùn rédíò, tó gba ohùn tẹ́ẹ̀pù mọ́ ariwo ọkàdà àti ti ewúrẹ́, tó wá fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kò tọ́jú nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àìlówó ló fa ìyẹn, àìmọ̀ ni. Ohun tí a kò lè tún ṣe lẹ́yìn ọ̀la kò pọ̀, kò sì sí èyí tó gbówó nínú wọn. Àkọ́kọ́ ni bí hẹ́ẹ̀dì ṣe kọjú sí tẹ́ẹ̀pù. Dẹ́ẹ̀kì tó gba ohùn sílẹ̀ ní 1983 lè ti wọ́ díẹ̀, bí tiwa kò bá sì wọ́ bíi tirẹ̀, ohùn tó tínrín nínú rẹ̀, ìró ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ìró lẹ́tà “s” lẹ́nu àáfà, yóò pòórá. Sukúrù kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ hẹ́ẹ̀dì. Súkúrúdíráfà tínrín ni a ó fi yí i díẹ̀díẹ̀, tí a ó máa tẹ́tí títí ohùn yóò fi mọ́ kedere. Tẹ́ẹ̀pù kọ̀ọ̀kan ni a ń ṣe é fún, etí àti sùúrù ni owó rẹ̀. Èkejì ni irú fáìlì. MP3 ń gé ohùn sọnù kí ó lè kéré, ohun tó bá sì ti gé, kò ṣeé dá padà. WAV tàbí FLAC ni kí a fi pamọ́, kí MP3 jẹ́ ti gbígbọ́ àti ti pínpín. IASA fúnra wọn gbà pé 48 kHz àti 24 bit ni ó kéré jù tó bójú mu, ẹ̀rọ tí mo dárúkọ lókè sì dé ibẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé kí a má ṣe fọ ohùn. Àwọn kan máa ń fi kọ̀ǹpútà yọ ariwo hísì kúrò, tí wọn á sì ju ojúlówó nù. Ìdàrúdàpọ̀ ni. Fífọ̀ lè dúró di ọdún 20 sí i, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù wá lọ yóò ṣe é, kìkì bí a bá fi ojúlówó sílẹ̀ fún un. Ẹni tó bá pa ohun mẹ́ta yìí mọ́ nínú yàrá kan ní Òkè-Òyì, iṣẹ́ rẹ̀ yóò wúlò fún ọ̀mọ̀wé yòówù tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn mìíràn ní kí ni gbogbo wàhálà yìí fún, ṣebí gbogbo rẹ̀ ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ènìyàn tẹ Odòlayé nìkan kó sì gbọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni àwo tí wọ́n tà. Mo ti sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwo àti òde. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tó gbé e síbẹ̀ lè yọ ọ́, iléeṣẹ́ tó ni ìkànnì náà sì lè pa á tì. Ní 2019, Myspace, tó jẹ́ ibi tí àwọn akọrin àgbáyé ń kó orin wọn sí nígbà kan, jẹ́wọ́ pé nígbà tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ wọn láti ibì kan sí ibòmíràn, orin tí àwọn ènìyàn gbé síbẹ̀ láàárín 2003 àti 2015 ti sọnù. Àwọn oníròyìn ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bí mílíọ̀nù 50. Íntánẹ́ẹ̀tì dára fún kí ayé gbọ́ ohùn, kò dára gẹ́gẹ́ bí ibi ìpamọ́.

Gbogbo ohun tí mo sọ nípa tẹ́ẹ̀pù àti ẹ̀rọ, bó ti ṣe pàtàkì tó, kò tó èyí tó kù. Ẹ fojú inú wo kásẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n kó sórí kọ̀ǹpútà dáadáa, tí ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, tí kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ta ni akọrin ń kì? Ilé wo ni? Ta ló ń lu ìyáàlù? Kí ló dé tí àwùjọ fi rẹ́rìn-ín níbi tí kò sí ẹ̀rín nínú ọ̀rọ̀ náà? Inú tẹ́ẹ̀pù fúnra rẹ̀ lè ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀. Bí akọrin bá ń dárúkọ pọ́n-ùn àti ṣílè bí owó tí wọ́n ń ná, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ṣáájú 1973 tí náírà dé. Bó bá ń ki Ẹ́míà Sulu Gambari bí ọba tó wà lórí oyè, láàárín 1959 àti 1992 ni. Bó bá ki Ibrahim Sulu-Gambari bẹ́ẹ̀, láti 1995 ni. Bó bá ki Bámigbóyè bíi gómìnà Kwara, láàárín 1967 àti 1975 ni. Ṣùgbọ́n ìṣirò irú èyí kò lè sọ orúkọ onílù fún wa, kò sì lè sọ ìjà ìdílé tí òwe kan ń bú. Àwọn àgbà ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1970 ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Nínú gbogbo ohun tí iṣẹ́ yìí nílò, àwọn wọ̀nyí nìkan ni kò sí owó tó lè dá wọn padà. Bí a bá gba ìrànwọ́ mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà lọ́dún 2040, a lè ra kọ̀ǹpútà tó dára ju èyí tí ẹnikẹ́ni rí rí lọ, a ó sì jókòó ti ohùn tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ohun tó yẹ kí owó kékeré kọ́kọ́ ṣe ni kí ó gbé ohùn náà padà lọ sílé àgbà, kí àgbà gbọ́ ọ, kí a sì gba àlàyé rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì àti orúkọ. Fóònù lásán tó fún èyí. Ìwé pẹlẹbẹ kan tí a kọ nọ́ńbà tẹ́ẹ̀pù, ibi tó ti wá, ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ àti ohun tí àgbà sọ nípa rẹ̀ sí, ní iye lórí ju gbogbo ẹ̀rọ lọ.

Ibi kan wà tí mo gbà pé ó yẹ kí a dúró. Rìlì tẹ́ẹ̀pù ńláńlá tó wà láwọn iléeṣẹ́ rédíò, pàápàá irú èyí tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí 1970 sí 1990, ní àìsàn tiwọn. Gúlúù àwọn mìíràn ti rọ̀ débi pé tí a bá yí i lẹ́ẹ̀kan, ó lè lẹ̀ mọ́ hẹ́ẹ̀dì, kí ohùn sì bó kúrò lára rẹ̀. Irú rẹ̀ ń fẹ́ ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ooru díẹ̀ gbẹ ẹ́ fún wákàtí púpọ̀ kí wọ́n tó lò ó, ẹni tí kò kọ́ ọ kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Níbẹ̀, kí ìjọba àti yunifásítì ṣe iṣẹ́ wọn, kí wọ́n sì tètè ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí rìlì jẹ́ àwíjàre fún kásẹ́ẹ̀tì. Kásẹ́ẹ̀tì kì í sábà ní àìsàn yẹn. Èyí tí ike rẹ̀ bàjẹ́ ṣeé gbé sínú ike mìíràn tí wọ́n fi sukúrù dè, èyí tó já ṣeé so. Ohun tó léwu jù fún un ni kí ẹnì kan fi àṣìṣe tẹ bọ́tìnì ìgbohùnsílẹ̀, etí kékeré méjì tó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, bí a bá ṣẹ́ ẹ, ti dáàbò bò ó kúrò lọ́wọ́ ìyẹn.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́, tí àwọn kan máa ń fi dẹ́rù bani. Wọ́n ní ta ló fún ọ láṣẹ láti da ohùn akọrin kọ, tàbí láti gba wáàsí tí àáfà fi bá àáfà mìíràn jà. Ọ̀rọ̀ náà yẹ kí a gbà á ní ọ̀rọ̀ ńlá. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti 2022 dá àyè sílẹ̀ fún ilé ìkówèésí àti ilé ìpamọ́ láti ṣe ẹ̀dà nítorí ìtọ́jú, kò sì fún ẹnikẹ́ni láyè láti sọ ẹ̀dà náà di ọjà. Fífi pamọ́ àti fífi síta kì í ṣe ohun kan náà, bí a bá sì dà wọ́n pọ̀, a ó pàdánù ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn ilé tó ni àpótí. Ẹni tó bá lọ gba kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọmọ akọrin gbọ́dọ̀ kọ ìwé sílẹ̀ fún un. Kí ó kọ iye tẹ́ẹ̀pù tó gbà, kí ó kọ ọjọ́ tí yóò dá a padà, kí ó kọ pé ẹ̀dà kan yóò wà lọ́wọ́ ẹbí láìgba kọ́bọ̀, kí ó sì kọ pé ohunkóhun kò ní jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì àyàfi bí ẹbí bá fọwọ́ sí i. Bí wáàsí kan bá ní ọ̀rọ̀ tó lè dá ìjà sílẹ̀, ó lè wà ní títì fún ọdún 30, kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Tẹ́ẹ̀pù tí kò ní ìkejì, tí ẹni tó mọ ohun inú rẹ̀ sì ṣì wà láàyè, ni kí ó kọ́kọ́ wọ dẹ́ẹ̀kì. Orin tí wọ́n tà ní ọ̀kẹ́ àìmọye lè dúró di ìparí. Ìbẹ̀rẹ̀ ni pé kí ilé kan ní Ìlọrin, ilé kan ṣoṣo, gbé àpótí rẹ̀ síta lọ́sẹ̀ yìí kí ó sì kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀.